Ọmọ mi ń bẹ̀rù bí ìbọn ṣe ń gbáni léjìká: ṣé kó faradà á ni?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ wa láti Surulere nìyí: "Ọmọ ọdún 14 ni ọmọbìnrin mi, kò sì lára. Nígbà tó lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Houston lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé shotgun lé e lọ́wọ́ pé kó yìn ín wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yìn ín. Ìdí ìbọn gbá a, ó ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ sẹ́yìn, èjìká rẹ̀ sì wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó tún ń lọ ní oṣù kẹjọ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ kọ́ ráífù, pé òun ò fẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá gbá lójijì báyìí, ṣe ló ń di ojú. Bàbá rẹ̀ ní kó faradà á, pé ara á mọ́ ọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Rárá o, ìyá wa. Ẹ bá wa sọ fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ara kì í mọ́ irú èyí. Ohun tí ara ń kọ́ nígbà tí ìbọn bá gbá a ni pé òmíràn ń bọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á fò sẹ́yìn. Kí ìka ọmọ yẹn tó fa tírígà, ojú rẹ̀ á ti dì, èjìká rẹ̀ á ti sún síwájú láti pàdé ìyà, ẹnu ìbọn á sì ti kúrò lójú àmì. Bó bá ń faradà á, àṣà yẹn gan-an ni yóò mọ́ ọn lára, ó sì ṣòroó tú ju ìbọn kíkọ́ fúnra rẹ̀ lọ. A kì í fi ìfaradà wo èyí sàn. Dídín la ń dín gbígbá náà kù títí ara kò fi ní í retí ìyà mọ́.

Kí ẹ sì tó bá ọmọ wí pé ó lójo, ẹ mọ ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná nínú ìbọn, bó ṣe ń ti ọta síwájú ló ń ti ìbọn sẹ́yìn. Bí ọta bá wúwo, tó yára, tí ẹ̀tù ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, tí ìbọn fúnra rẹ̀ wá fúyẹ́, èjìká ló máa san gbèsè náà. Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà mọ èyí láìka ìwé: ẹni tó bá ki ẹ̀tù jù, ara rẹ̀ á sọ fún un.

Ẹ kó píọ̀ wọ́tà mẹ́jọ sínú ọ̀rá kan. Ìdajì kílò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 4. Shotgun nọ́ńbà 12 tó wọn kílò 3, tí wọ́n ki kátíríìjì ọdẹ tí ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tó gíráàmù 36 sí, agbára tó fi ń padà sẹ́yìn lé ní joule 40 (joule ni òṣùwọ̀n agbára). Bí ìgbà tí ẹ bá jẹ́ kí ọ̀rá omi yẹn já bọ́ láti òkè tó ju mítà kan lọ ni. Ráífù .30-06 (irú nọ́ńbà báyìí ni orúkọ ọta tí ráífù ń lò) tí wọ́n fi ń dọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀ ń lọ sí bíi joule 31, ìyẹn 80 sẹ̀ǹtímítà. Ráífù .243 jẹ́ bíi joule 13, ọ̀rá omi náà já láti 33 sẹ̀ǹtímítà. Ti .223 jẹ́ bíi joule 5, 13 sẹ̀ǹtímítà péré. Ráífù kékeré .22, èyí tí ọta rẹ̀ kò ju gíráàmù 2.6 lọ, kò pé ìdajì joule: ọ̀rá omi yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ yìí, ẹ wá wo ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìwọ̀n ìbọn náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Kátíríìjì kan náà, bí ẹ bá yìn ín láti inú ìbọn kílò 4 dípò kílò 3, agbára tó ń padà bọ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín. Ìdí nìyí tí ìbọn fífúyẹ́ tí wọ́n máa ń polówó pé ti ọmọdé ni fi ń tan àwọn òbí jẹ. Ọmọ lè gbé e lóòótọ́, àmọ́ òun náà ló ń gbáni jù. Ìbọn tó wúwo díẹ̀, tí wọ́n gbé iwájú rẹ̀ lé àpò iyanrìn kí ọwọ́ ọmọ má baà gbọ̀n, ló dára ju.

Àmọ́ agbára nìkan kọ́. Ẹ pe ọmọ náà wá síwájú yín ní pálọ̀. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ yín kan èjìká rẹ̀, kó fara kàn án típẹ́típẹ́, kẹ́ ẹ wá tì í lágbára. Á sún sẹ́yìn, kò ní í dùn ún. Ẹ wá fa ẹ̀ṣẹ́ yẹn sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka méjì, kẹ́ ẹ fi agbára tó kéré sí ti àkọ́kọ́ gbá ibẹ̀. Á ké "yéè!" Bákan náà ni ìdí ìbọn. Ọmọ tó ń bẹ̀rù máa ń di ìbọn mú jìnnà sí ara bí ẹni di ejò mú, àyè kékeré yẹn ni ìbọn fi ń sáré kó tó gbá a. Ohun tó ń bẹ̀rù ló fọwọ́ ara rẹ̀ fún lágbára.

Nítorí náà, ibi tí ìdí ìbọn ń jókòó sí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹ ní kó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, kó gbé e sókè díẹ̀. Ẹ fi ìka wá kòtò kan tó wà lábẹ́ eegun ọrùn, kó tó di oríkèé èjìká. Ibẹ̀ lẹran wà. Bí ìdí ìbọn bá lé orí eegun ọrùn, á dùn ún dé àyà. Bó bá sún sí orí apá, ibẹ̀ ló máa wú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé ibẹ̀ ló wà lọ́dún tó kọjá. Okùn kọ́mú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti bọ́tìnnì kò gbọ́dọ̀ sí láàárín ìdí ìbọn àti ara. Àwọn ọkùnrin tó ń kọ́ni kì í rántí ti okùn kọ́mú yẹn, ẹ̀yin ìyá lẹ máa sọ fún un kó tó kúrò nílé: kó wọ èyí tí okùn rẹ̀ fẹ̀, tí kò ní irin, tàbí kó sún okùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun kejì tó sábà máa ń bàjẹ́ ni gígùn ìdí ìbọn. Ìbọn àgbàlagbà gùn jù fún ọmọ kékeré: á na ọrùn, á tẹ̀ sẹ́yìn láti fi ìkùn gbé ìwúwo ìbọn, nígbà tí ìbọn bá wá gbá a, ẹ̀yìn ló ń lọ. Ẹ mú téèpù aránṣọ. Ẹ ní kó ká ìgbọ̀nwọ́ bíi lẹ́tà L, kẹ́ ẹ wọ̀n láti inú kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ dé oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìfábẹ̀lá, ìyẹn oríkèé tó sún mọ́ èékánná jù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí Dádì Houston, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yẹn, wọn ráífù tirẹ̀ láti iwájú tírígà dé òpin ìdí rẹ̀. Ìbọn àgbàlagbà sábà máa ń tó íǹṣì 13½ sí 14. Ọmọ tó bá rí bíi tiyín máa ń nílò nǹkan bí íǹṣì 12 sí 12½. Bí méjèèjì bá fi ju íǹṣì kan lọ yàtọ̀ síra, kí wọ́n wá ìdí kúkúrú sí i. Rọ́bà tí wọ́n ń fi bo ìdí ìbọn ń ṣèrànwọ́ gan-an, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lé lórí bí ìbọ̀sẹ̀ máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kún gígùn rẹ̀. Kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ tán.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí: ariwo. Púpọ̀ nínú ohun tí ọmọ ń pè ní dídùn èjìká, etí ló ti wọlé. Ọmọ tó ń di ojú nítorí ilẹ̀kùn ń sọ fún yín pé ariwo lẹ̀rù ń bà á. Ìró ráífù ńlá máa ń kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 155, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 140 ti lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìní àtúnṣe. Òwú kò lè dáàbò bo etí tó, kí ẹnikẹ́ni má fi tan ara rẹ̀ jẹ. Ìlọ́po méjì ni kó lò: ìdítí fọ́ọ̀mù nínú, ìbòtí ńlá lórí rẹ̀. Ẹ rà á fún un l'Èkó níbí kó máa fi kọ́ ọwọ́. Àwọn tó ń ta àṣíborí àti bàtà ààbò fún òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ máa ń ní méjèèjì. Nọ́ńbà NRR, èyí tó ń sọ bó ṣe ń dín ariwo kù tó, wà lára páálí rẹ̀, ẹ wá ìdítí tó tó 30 àti ìbòtí tó tó 25. Méjèèjì kì í di 55 o. Èkejì kàn ń fi bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 5 kún un ni, ṣùgbọ́n 5 yẹn pọ̀ fún ẹni tẹ́rù ń bà.

Fífi ìdítí sínú etí náà ní ọwọ́ tirẹ̀. Kó fi ìka yí fọ́ọ̀mù náà títí á fi tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ìgbálẹ̀, kó fi ọwọ́ òdìkejì gba orí òkè fa etí sókè, kó tì í wọlé, kó sì fi ìka dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 títí á fi wú. Bí ẹ bá wò ó láti iwájú tí ẹ ṣì ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀ níta, kò tíì wọlé. Ìbòtí ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara yí etí ká. Yẹtí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Irun dídì tó nípọn láàárín ìbòtí àti awọ ń ṣí àyè fún ariwo. Ẹ má di ṣùkú fún un, góńgó orí rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí ọ̀pá ìbòtí jókòó. Ẹ di kòlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ tó sùn sórí, láìsí àtaṣímẹ́ǹtì tó máa fì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ló máa fi lé ìdí ìbọn. Kó wọ awò ààbò náà, èyí tí apá rẹ̀ tín-ín-rín.

Nípa Èkó: ẹ má wá ìbọn kankan láti fi kọ́ ọ níbí, kódà ìbọn afẹ́fẹ́. Lábẹ́ Òfin Ìbọn ti 1959, ìbọn afẹ́fẹ́ náà wà lára èyí tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, wọn kì í sì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Igi mọ́ọ̀pù ti tó. Ẹ gé e sí bíi mítà kan, kẹ́ ẹ fi aṣọ wé ìdí rẹ̀. Ẹ má fi kùn dúdú kùn ún, ẹ má jẹ́ kó gbé e jáde sí ojúlé tàbí bákónì, nítorí aládùúgbò tó rí i láti òkèèrè kò mọ̀ pé igi ni.

Inú ilé ni kó ti dúró, ẹsẹ̀ òsì síwájú, ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó èjìká, orúnkún òsì tẹ̀ díẹ̀, ìwúwo ara lórí ẹsẹ̀ iwájú. Bí ẹni tó dúró nínú bọ́ọ̀sì BRT tó mọ̀ pé dírẹ́bà ti fẹ́ ṣí ọkọ̀ lójijì. Kó fi ìdí igi sínú kòtò èjìká, kó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, kó má máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá a kiri. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fa igi mọ́ èjìká bí ẹni ń bọ ènìyàn lọ́wọ́ gírígírí, òsì kàn ń gbé iwájú ni. Ẹ̀yin ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti orí igi náà sẹ́yìn, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá máa tì í lójijì. Àyà àti ìbàdí ló yẹ kó bá a lọ papọ̀, kí ọrùn má fò, kí ojú má dì. Ìgbà mẹ́wàá lálẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tó. Bó bá ṣe gírígírí bí igi, ẹ dá a dúró. Ara tó le koko ló ń jẹ ìyà jù, kó dì í mú gírí ṣùgbọ́n kí orúnkún àti ìbàdí rọ̀.

Ẹ wo ojú rẹ̀ náà. Kó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré, kó gba inú rẹ̀ wo aago ara ògiri, kó wá di ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú tó ṣì ń rí aago ni ọ̀gá. Bí ojú òsì bá jẹ́ ọ̀gá lára ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe nǹkan, á máa tẹ ọrùn kiri lórí ìbọn, ìdí ìbọn á sì yọ kúrò ní kòtò rẹ̀. Kí Dádì Houston mọ èyí ṣáájú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé pápá, òfin ààbò ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà: kó ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, ẹnu ìbọn kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ohun tí kò fẹ́ bàjẹ́, ìka kò gbọ́dọ̀ kan tírígà títí ojú á fi wà lórí àmì, kó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì náà. Ọta .22 tó kéré yẹn lè rìn ju kìlómítà kan lọ, nítorí náà òkìtì iyẹ̀pẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àmì.

Kó kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ìdítí àti ìbòtí, kí Dádì yin .22 bíi mẹ́fà kó gbọ́. Lẹ́yìn náà, kó wá sórí ìjókòó. Ọta kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa ki, kì í ṣe márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Bí ìbọn bá ya ọmọ lẹ́nu tó yí ẹ̀yìn padà, kò gbọ́dọ̀ sí ọta kejì nínú rẹ̀. Páálí funfun tó tóbi ní mítà 15, agolo tó ń dún bó bá bà á sì dára ju páálí lọ, nítorí etí rẹ̀ á máa retí ìró agolo dípò ìró ìbọn. Kó mí sínú, kó tú ìdajì rẹ̀ jáde, kó dá a dúró, kó wá máa tẹ tírígà bí ẹni ń tẹ tómátì wò lọ́jà, kò gbọdọ̀ mọ ìgbà gan-an tó máa dún. Yíyìn 20 sí 30 tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún sí i ni kí wọ́n gba ìbọn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ṣì wà, ọgbọ́n kan wà tí kì í purọ́. Kátíríìjì òfìfo wà tí wọ́n ṣe fún ìdánrawò, kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Kí Dádì máa ki ìbọn fún un láìjẹ́ kó rí i, nígbà mìíràn ọta gidi, nígbà mìíràn òfìfo. Lórí òfìfo, ìbọn á kàn dún "kẹ́" ni. Kí wọ́n wo ẹnu ìbọn. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, ọmọ ti bọ́. Bó bá rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó ta síwájú, ìbẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ á sì rí i, kò sí ẹni tó máa bá a jà. Kí ó wá fi òfìfo nìkan ṣe mẹ́wàá kó tó tún kan ọta gidi. Àmọ́ kí wọ́n má fa tírígà .22 nígbà tí inú rẹ̀ ṣófo pátápátá láìsí kátíríìjì ìdánrawò: nínú ọ̀pọ̀ wọn, irin tó ń lu ọta máa ń lu etí ihò ìbọn, á sì bà á jẹ́.

Ìgbà wo ló máa kúrò lórí .22? Èmi ò ní yára. Bó bá lè kó márùn-ún sí ojú ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ní mítà 50, tí ẹnu ìbọn kò sì rẹ̀ lórí òfìfo ní ọjọ́ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, kó bọ́ sórí .223, márùn-ún péré, ní ìdúró tàbí lórí ìjókòó tó ga. Kó má dùbúlẹ̀ yìn ín, kó má sì tẹ̀ mọ́ tábìlì: ara tó dùbúlẹ̀ kò ní ibi tó máa sún sí, èjìká ló ń gba gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn márùn-ún yẹn, kó padà sórí .22 kí wọ́n tó kúrò ní pápá, kó lè jẹ́ pé èyí tó rọ̀ lara rẹ̀ máa rántí. Lẹ́yìn náà .243, pẹ̀lú ọta tó fúyẹ́ jù tí wọ́n bá rí. Kó má kan .30-06 lọ́dún yìí. Shotgun náà kò kánjú, nígbà tó bá sì dé, nọ́ńbà 20, tí ihò rẹ̀ kéré sí ti 12, pẹ̀lú kátíríìjì ìdárayá tó rọ̀ ni, kì í ṣe kátíríìjì ọdẹ.

Ohun méjì tí wọ́n á fẹ́ fi ràn án lọ́wọ́ tí mi ò gbà. Èkíní ni irin oníhò tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn. Ó ń dín gbígbá kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń da ariwo padà sí etí ẹni tó ń yìn ín, ariwo sì ni wàhálà ọmọ yìí. Èkejì ni awò ńlá orí ìbọn. Ọmọ tó bá na ọrùn wò ó máa ń sún ojú mọ́ ọn jù, etí irin rẹ̀ á sì la ìpéǹpéjú. Àmì lásán tó wà lórí ìbọn ló dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí awò bá di dandan, kó jìnnà sí ojú ní sẹ̀ǹtímítà 8 ó kéré tán.

Bí èjìká bá wú, tàbí ẹ̀jẹ̀ bá kú síbẹ̀, kò sí ìbọn yíyìn títí á fi jinná pátápátá, ì báà gba ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ fóònù láti ya fídíò rẹ̀. Mo fi gbogbo ọkàn sọ èyí: fídíò ọmọ tí ìbọn gbé ṣubú, tí àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ìwà ìkà ni. Ẹ bá Dádì Houston ṣe àdéhùn kí ọmọ tó wọ ọkọ̀ òfurufú pé bó bá ti ní "ó tó", ó tó náà ni, kò sí àlàyé. Bí àwọn ọmọ tirẹ̀ bá fi shotgun bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó bi wọ́n léèrè mélòó nínú wọn ló ń di ojú títí di òní.

Nígbà tí wọ́n bá ń kúrò ní pápá, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú kó tó fi ohunkóhun sẹ́nu, nítorí òjé wà nínú ọta àti èéfín rẹ̀. Kó pààrọ̀ aṣọ náà. Bí ọjọ́ ìpadàbọ̀ bá ku ọ̀la, kí wọ́n tú gbogbo àpò ṣòkòtò, jákẹ́ẹ̀tì àti báàgì rẹ̀ dà sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fi ọwọ́ rá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò: ọta .22 kan ṣoṣo tó kó sí kọ̀rọ̀ báàgì ti tó láti dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú.